Kò Sí Ààyè fún Híítà

Ọkùnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Garland, nítòsí Dallas, Albert Láyíwọlá lorúkọ rẹ̀. Èmi àti òun jọ ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó sì ti lé ní ọdún méjìlá tí a ti mọ ara wa. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Kó tó wá sí Amẹ́ríkà, iṣẹ́ àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ló ń ṣe. Nígbà tó dé Dallas, wọn ò ka ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sí, ló bá wọ ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Lancaster, níbi tó ti ń pinnu bí wọn yóò ṣe to ẹrù sórí pẹpẹ tí ààyè kankan ò fi ní ṣòfò. Iṣẹ́ náà bá a lára mu. Tépù ìwọ̀n kì í kúrò lápò ṣòkòtò rẹ̀, kódà lọ́jọ́ Ìsinmi. Tó bá ti wọn nǹkan, tó sì ní kò wọlé, a jẹ́ pé kò wọlé nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa ń bá a jiyàn.

Ilé tí òun àti Josephine ìyàwó rẹ̀ rà ní Rowlett, ilé àtijọ́ ni, kò sì jìnnà sí adágún. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló wó ògiri ẹ̀yìn, tó sọ fàráńdà di kíṣìnì kí pálọ̀ lè fẹ̀. Kíṣìnì náà dára lójú, ṣùgbọ́n ihò tí atẹ́gùn gbígbóná ń gbà wọ àwọn yàrá yòókù kò dé ibẹ̀. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, téèyàn bá ti pálọ̀ bọ́ síbẹ̀, bí ìgbà téèyàn kó sínú fíríìjì ló máa ń rí.

Ìyá Ọpẹ́, bí gbogbo wa ṣe ń pe Josephine, ti ń sọ ọ́ láti ọdún àkọ́kọ́. Ó ní kí ọkọ òun wá nǹkan ṣe sí òtútù yìí, kó ra híítà, ẹ̀rọ tó ń mú yàrá móoru. Albert yọ tépù. Ó wọn ògiri apá ọ̀tún, fíríìjì àti sítóòfù ti gbà á. Ó wọn apá òsì, kọ́bọ́ọ̀dù ni láti òkè délẹ̀. Fèrèsé àti síńkì ló wà níwájú, ilẹ̀kùn méjì ló wà lẹ́yìn. Àlàfo tó kù láàárín kò ju ibi tí èèyàn méjì lè fẹ̀gbẹ́ gbà kọjá lára ara wọn. Ó ká tépù padà, ó ní, "Kò sí ààyè fún híítà níbí." Ọ̀rọ̀ parí. Lọ́dọọdún ni obìnrin náà ń tún un sọ, lọ́dọọdún ni ọkọ rẹ̀ ń fún un ní èsì kan náà, títí ọdún mẹ́sàn-án fi pé.

Ìyá Ọpẹ́ kò torí ìyẹn fi oúnjẹ du ẹnikẹ́ni. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ló máa ń wọ̀ léra, á gbé kóòtù lé aṣọ ilé, á sì máa dáná. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti fẹ̀yìn tì, làkúrègbé sì ti ń bá a jà ní ìka. Ní Sátidé kan nínú oṣù kìíní, ó pe ọkọ rẹ̀ wá sí kíṣìnì, ó ní kó bọ́ bàtà, kó dúró lórí táìlì títí òun yóò fi din dòdò tán. Albert dúró fún bí ìṣẹ́jú kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òtútù Dallas kì í pẹ́ lọ, tó bá di oṣù kẹta ooru á dé. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó padà sí pálọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi nígbà tó yá. Ó ní obìnrin náà kàn ń yí dòdò inú epo lójú padà ni.

Ọpẹ́yẹmí, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń gbé ní Baltimore, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tó bí ìbejì, Ìyá Ọpẹ́ di ẹrù, ó ní oṣù mẹ́ta lòun ó lò. Kó tó lọ, ó se ọbẹ̀ oríṣiríṣi, ó rọ wọ́n sínú abọ́ kéékèèké, ó to gbogbo rẹ̀ sínú fírísà. Albert fi ọkọ̀ gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, ó sì padà sílé.

Oṣù mẹ́ta pé, ikọ́ ń ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìbejì. Oṣù mẹ́fà pé, Ọpẹ́yẹmí padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì rí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ láti kó àwọn ọmọ fún. Ọdún kan pé. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni tọkọtaya yìí ń rí ara wọn lórí fóònù. Wọ́n á sọ̀rọ̀ nípa eyín tí ọmọ hù, nípa èyí tó ti ń rìn, nípa ẹni tó kú ní Ìsẹ́yìn. Albert kì í béèrè ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ máa padà, ìyàwó náà kì í sì í sọ ọ́.

"Tí mo bá bi í," ló wí fún mi, "á dà bíi pé ebi ló ń pa mí. Tí mi ò bá sì bi í, á dà bíi pé àárò rẹ̀ ò sọ mí. Mo wá ń bi í nípa ojú ọjọ́."

Ó lọ kí wọn lọ́dún Kérésì kan, ó lo ọ̀sẹ̀ kan. Orí àga pálọ̀ ló ń sùn nítorí pé yàrá kò tó, àwọn ọmọ sì ń sunkún nígbàkigbà tó bá gbé wọn, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ó tún padà sí Rowlett, sí ilé oníyàrá mẹ́ta tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló ń tan iná rẹ̀.

Ọbẹ̀ inú fírísà ti tán tipẹ́. Albert ń jẹun níbi iṣẹ́, ó ń ra ìrẹsì ní ilé oúnjẹ àwọn ará ilé wa, àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì sì máa ń di mọ́ínmọ́ín fún un lẹ́yìn ìsìn. Nígbà tó ṣe, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ó pinnu pé òun á máa dáná fúnra òun. Oṣù kìíní ni, òtútù ti mú gidi, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ wá láti orí adágún.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ kíṣìnì láti se ọbẹ̀, epo pupa ti dì gbagidi nínú ìgò. Ó fẹ́ gé àlùbọ́sà, ìka rẹ̀ ti kú, ọ̀bẹ yọ̀, ó sì gé e ní àtàǹpàkò. Òtútù táìlì gba inú bàtà ilé tó wọ̀, ó gun ojúgun rẹ̀ dé orúnkún. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tó fi pa iná, ó fi ìkòkò sílẹ̀ láìjinná, ó lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti kóòtù lọ́rùn. Ó ní ibẹ̀ lòun ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò rẹ̀: wákàtí méjì lójúmọ́, oṣù mẹ́rin lọ́dún, ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní òun ò lè ṣírò rẹ̀ tán.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti gbé ìjà ko òtútù. Ó ra híítà kékeré tí wọ́n ń gbé sílẹ̀. Ó gbé e sí àárín kíṣìnì, kò lè ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì fi ẹsẹ̀ kọ ọ́. Ó gbé e sórí pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ síńkì. Nígbà tó tan án pọ̀ mọ́ máíkírówéfù, iná apá kan kíṣìnì já, kò mọ̀ pé fíríìjì bá a lọ. Ọjọ́ kẹta ló tó rí i pé omi fírísà ti ṣàn dé ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀nà kẹta tó gbìyànjú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Sítóòfù gáàsì ni tiwọn, ó sì ní ófùn nísàlẹ̀, àpótí tí wọ́n fi ń yan ẹran àti búrẹ́dì. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, Albert tan ófùn náà, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé àga síwájú rẹ̀. Ó ti fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn pálọ̀ kí ooru má bàa jáde, ó ń ka ìwé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kíṣìnì náà móoru. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ó rò pé ebi ni. Ẹ̀rọ kékeré kan tó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó rò pé bátìrì rẹ̀ ló ń tán lọ, ó dìde, ó yọ bátìrì náà, ó padà wá jókòó. Kò mọ̀ pé nítorí èéfín gáàsì ni ẹ̀rọ náà ṣe ń dún, irú èyí tí kì í rùn, tí ojú kì í rí, tó ń pa èèyàn bí ẹni sùn lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ìyá Ọpẹ́ sábà máa ń pè. Lọ́jọ́ náà, Tolúwalàṣẹ, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì, ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ bàbá àgbà rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ni, ìyá àgbà sì fẹ́ kí Albert gbọ́ ọ kó tó gbàgbé. Bí ojú Albert ṣe yọ lórí fóònù, obìnrin náà rí i pé ó pọ́n, ó sì gbọ́ bí ahọ́n rẹ̀ ṣe wúwo. Ó rí ilẹ̀kùn ófùn tó là sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé ọmọ sílẹ̀.

"Bàbá Ọpẹ́, ṣé orí ń fọ́ yín?"

"Díẹ̀ ni. Mi ò tíì jẹun."

"Ẹ dìde. Ẹ jáde nílé báyìí."

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ pa iná yìí."

"Ẹ má pa nǹkan kan. Ẹ má wá bàtà. Ẹ ṣáà jáde."

Albert ní ohùn yẹn lòun tẹ̀ lé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yẹ̀, ó fi ọwọ́ di ògiri mú títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà, ó sì jókòó bọ̀ọ̀ sínú koríko iwájú ilé. Sharon, ìyá òyìnbó kan tó ń gbé ní òdìkejì ojú pópó, rí i níbẹ̀ láìwọ bàtà. Ó gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì wá bò ó, ó sì pe àwọn panápaná. Ìyá Ọpẹ́ kò gé fóònù. Láti Baltimore ló ti ń pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, léraléra, kó má bàa sùn, títí ọkọ̀ panápaná fi dé.

Wọ́n pa ófùn, wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé, wọ́n fi atẹ́gùn sí i nímú. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi ófùn yáná. Ó ní nítorí pé kò sí ààyè fún híítà ni. Ọ̀kan nínú wọn tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ wá bi í pé ta ló ń bá a gbé. Albert sọ fún mi pé nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìbéèrè yẹn ló le jù. Bó bá ní ìyàwó òun, wọn á ní níbo ló wà. Bó bá ní òun nìkan ni, ó dà bíi pé ó ti fẹnu ara rẹ̀ parí nǹkan kan tí kò sẹ́ni tó tíì parí rẹ̀. Ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra. Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó kọ nǹkan sílẹ̀, kò sì bi í mọ́. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó sì padà sílé lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí mi ò rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo lọ wò ó. Ibẹ̀ ló ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ fún mi, ó ń sọ ọ́ bíi pé ẹlòmíì ló ṣẹlẹ̀ sí. Mo fún un ní nọ́ńbà oníṣẹ́ iná kan tó ti ṣiṣẹ́ nílé mi rí, Zakariyya, ọmọ Ọ̀fà tó ń gbé ní Forney. Ọ̀sán Ọjọ́rú ló wá, èmi náà sì wà níbẹ̀.

Zakariyya kí wa dáadáa, ó bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà. Albert ti yọ tépù, ó ń fi ògiri hàn án ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò fi ṣeé lò. Ọkùnrin náà fi sùúrù gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ síwájú síńkì, ó fi ìka kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹni tó bá ń fọ abọ́ máa ń wọ̀ sí.

"Bàbá, kí ló wà lẹ́yìn ibí yìí?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ohun tí mò ń wá nìyẹn, sà."

Ó fi irin yọ pákó náà. Ihò dúdú kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó jìn dé ògiri. Eruku ló kún ibẹ̀, àti ẹ̀wà gbígbẹ mélòó kan. Zakariyya ṣàlàyé pé híítà kan wà tí wọ́n ṣe fún irú ààyè bẹ́ẹ̀. Ó pẹlẹbẹ, wọ́n máa ń tì í wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, á sì máa fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná jáde sí ẹsẹ̀ ẹni tó bá dúró níbẹ̀. Kò ní gba ilẹ̀, kò ní gba ògiri. Wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló máa lò, kí iná má bàa já mọ́.

Albert kúnlẹ̀, ó wọn ihò náà. Ó béèrè bí híítà ọ̀hún ṣe ga tó, Zakariyya sọ fún un. Ó máa wọlé, ààyè á tún ṣẹ́ kù. Mo rò pé ó máa dìde, kò dìde. Ó jókòó sílẹ̀ lórí táìlì tútù náà, tépù lọ́wọ́.

"Ògiri ni mo ń wọ̀n," ló wí. "Ọdún mẹ́sàn-án."

Zakariyya rò pé iṣẹ́ náà ló ń bà á lẹ́rù, ó ní kó fọkàn balẹ̀, kò ní ju ọjọ́ kan lọ. Ọjọ́ Ẹtì ló padà wá fi í síbẹ̀. Nígbà tó tan án, ohùn rẹ̀ kò ju ti fáànù kékeré lọ. Mo bọ́ bàtà, mo dúró níwájú síńkì, ooru náà gba àárín ìka ẹsẹ̀ mi gòkè wá. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ti lè bọ́ kóòtù.

Albert kò dúró di ìrọ̀lẹ́, ó pe ìyàwó rẹ̀ lójú mi. Ó gbé fóònù sílẹ̀ kí obìnrin náà lè rí ibi tí ooru ti ń jáde, ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe tì í wọlé, bó ṣe ga tó, bó ṣe jìn tó. Ìyá Ọpẹ́ jẹ́ kó ṣàlàyé tán.

"Bàbá Ọpẹ́," ló wá ní, "ṣé ààyè yẹn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ó ti wà níbẹ̀."

Ọmọ kan ń sunkún lẹ́yìn Ìyá Ọpẹ́. Ó ní òun máa pè padà, ó sì pa fóònù. Kò pè padà lọ́jọ́ náà. Kò pè lọ́jọ́ kejì. Albert lọ síbi iṣẹ́, ó dé, ó dáná, ó jẹun, ó gbé fóònù síwájú abọ́ rẹ̀ kó lè gbọ́ ọ tó bá dún.

Ọjọ́ kẹta ló tó pè. Albert sọ fún mi pé kò bínú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Òtútù kọ́ ló dá mi dúró síbí. Àwọn ọmọ yìí nílò mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti rántí ilé, ẹsẹ̀ mi ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Gbogbo ìgbà tí mo sọ ọ́ fún yín, ògiri lẹ wò. Ẹ ò wo èmi."

Albert ní, "Má bínú, Josephine." Ó ní láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ti jọ wà, òun ò rántí ìgbà tí òun sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí láìfi àlàyé tì í.

Ìyá Ọpẹ́ wá lóṣù kẹrin, ó lo ọjọ́ méjìlá. Dallas ti gbóná nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń wá híítà. Ní òwúrọ̀ kan ṣáá, ó tan án, ó dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán fún ìgbà díẹ̀, ó ní ó dára, ó sì pa á. Wọ́n jọ lọ sí ọjà, wọ́n jọ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí. Àwọn obìnrin ń kí i káàbọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi àwòrán àwọn ìbejì hàn wọ́n. Nígbà tí ọjọ́ pé, Albert tún fi ọkọ̀ gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ìyá Ọpẹ́ ní tí àwọn ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, òun á wá lo àkókò tó pọ̀. Kò dárúkọ oṣù, Albert kò sì béèrè.

Mo yà kí i lọ́jọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kìíní tó kọjá. Yìnyín fẹ́ẹ́rẹ́ wà lórí koríko, àwọn ọkọ̀ ń rọra lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Kíṣìnì ló ti gbà mí lálejò. Ó ti gbé tábìlì kékeré kan há ẹ̀gbẹ́ fíríìjì, ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti ń kàwé, pálọ̀ ti dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò. A jókòó, ó ń se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ó sì mọ̀ ọ́n sè báyìí. Ó sọ fún mi pé ooru ibẹ̀ dùn, pé nígbà mìíràn òun máa ń dúró níwájú síńkì nígbà tí kò sí abọ́ kankan láti fọ̀. A jẹun.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní kí n dúró. Ó bu ọbẹ̀ tó ṣẹ́ kù sínú abọ́ ńlá kan, ó dé e, ó fi ọ̀rá dì í, ó gbé e fún mi. Mo ní ó ti pọ̀ jù, kó fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ara rẹ̀ dọ̀la.

"Gbé e lọ," ló wí. "Mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo."

Ó sìn mí dé ìdí ọkọ̀, ó dúró sínú òtútù títí mo fi yí jáde sójú pópó.